Ohùn Tí Wọ́n Rì Sábẹ́ Ojúewé

Ìwọ tó ń ka èyí, mo bẹ̀ ọ́, má kà á sókè. Ojú ni kó o fi kà á. Bí fóònù rẹ bá wà nítòsí, dojú rẹ̀ délẹ̀ kó o tó máa bá a lọ. Mi ò sọ pé yóò gbọ́. Mi ò sì sọ pé kò ní í gbọ́. Bó o bá ní òkú kan tí ohùn rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ, ìbáà jẹ́ gbólóhùn kan péré, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé o ní i. Mo rọra ń kọ ọ̀rọ̀ yìí ni. Ibi tó o bá ti rí i pé ọwọ́ mi dúró, má bínú, ẹ̀yìn ni mo ń wò.

*

Ọkùnrin kan wà tó ń ṣe bàtà. Kì í ṣe bàtà tí gbogbo ayé ń wọ̀. Bàtà àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò dọ́gba ló ń ṣe: ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, ẹni tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ẹni tí àwọn ọmọ ìka rẹ̀ gun ara wọn lórí. Oníbàtà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí àpótí tí wọ́n gbé dúró, awọ so rọ̀ lára ògiri, òórùn gúlúù kò kúrò níbẹ̀ rí. Lórí pẹpẹ òkè ni àwọn igi tó gbẹ́ bí ẹsẹ̀ wà, ẹsẹ̀ oníbàárà kọ̀ọ̀kan, ọ̀tún àti òsì, tí wọ́n kọjú sí títì bí ẹni tó ń retí ọkọ̀. Igi ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ náà wà láàárín wọn. Ẹsẹ̀ òsì obìnrin náà kúrú díẹ̀. Bàtà ló wá ṣe ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́sí, tó fi ibẹ̀ di ìyàwó.

Bí Oníbàtà bá ń ṣiṣẹ́, ó máa ń kó ìṣó kéékèèké sẹ́nu, bí àwọn oníṣẹ́ bàtà ṣe máa ń ṣe, á sì máa fi ahọ́n tì wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kó sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ni ẹnu fún àwọn méjèèjì. Òun ló ń kí oníbàárà, òun ló ń bá wọn ṣàwàdà, òun náà ló kọ ojúewé ṣọ́ọ̀bù wọn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Nígbà ayé rẹ̀, ẹni tó bá bi ẹ̀rọ awárí orí fóònù léèrè pé ta ló ń ṣe bàtà fún ẹsẹ̀ tó kúrú, ṣọ́ọ̀bù wọn ló máa kọ́kọ́ yọjú sí i.

Obìnrin náà kú. Àìsàn ni. Mi ò fẹ́ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀ yẹn.

Ohun tó kù fún ọkọ rẹ̀ ni fóònù kan tó kún fún ohùn rẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó máa ń gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ láti ilé. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tí àwọn ará títì ń lọ sílé wọn, Oníbàtà á tẹ ọ̀kan. "Ọ̀gbẹ́ni Ìṣó," obìnrin náà á wí, ẹ̀rín á wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, "tu ìṣó yẹn kúrò lẹ́nu kó o jẹun. Ìṣó kì í yó èèyàn." Oníbàtà á rẹ́rìn-ín músẹ́, á tu ìṣó sí àtẹ́lẹwọ́, á sì jẹun. Kò sí ẹlòmíì láyé tó ń bi í bóyá ó ti jẹun.

*

Àbúrò ọkùnrin kan ṣoṣo ni ìyàwó rẹ̀ ní. Àbíkẹ́yìn ni wọ́n ń pè é, torí òun ni ìyá wọn bí gbẹ̀yìn. Nígbà tí ìyá sì kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ló tọ́ ọ dàgbà. Ọ̀dọ̀ Oníbàtà ló ti kọ́ṣẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n kò ní sùúrù rárá: gúlúù kò ní tíì gbẹ tí á ti fẹ́ ki ẹsẹ̀ bọ bàtà.

Lẹ́yìn ìsìnkú, kò sí ẹni tó lè túmọ̀ àwọn méjèèjì fún ara wọn mọ́. Àbíkẹ́yìn kó ìdajì igi ẹsẹ̀ lọ láì dágbére. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ló ra gẹdú tí wọ́n fi gbẹ́ wọn. Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sí òdìkejì títì gan-an, ẹnu ọ̀nà kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Oníbàtà kò bá a jà. Ìṣó wà lẹ́nu rẹ̀. Ó kàn yí àga rẹ̀ padà kí ojú rẹ̀ má bàa máa débẹ̀.

Kò pẹ́ tí oníbàárà fi bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tó ń tẹ̀ lé ọ̀pá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó wo Oníbàtà, ó wo fóònù rẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, bàbá. Òdìkejì ló ní kí n lọ." Ó sì yí padà, ó ń tiro sọdá títì lọ sọ́dọ̀ Àbíkẹ́yìn.

Oníbàtà fi ìka kan bi fóònù tirẹ̀ ní ohun tí àwọn aláìsàn ẹsẹ̀ máa ń bi í. Ṣọ́ọ̀bù Àbíkẹ́yìn ló yọ lókè pátápátá. Ó wá tirẹ̀ títí. Ó ń fa ojú fóònù sókè, ó ń fà á sókè, títí àtàǹpàkò rẹ̀ fi kú tipiri. Ibi tó ti wá bá a, kò sí ẹni tó lè rìn débẹ̀, ká má tíì wá sọ ti ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ṣí ilẹ̀kùn, ara rẹ̀ sì bù máṣọ. Àwọn bàtà tó máa ń tò kí wọ́n kọjú sí títì, gbogbo wọn ló ti kẹ̀yìn sí i. Kọ́kọ́rọ́ wà bó ṣe wà. Fèrèsé wà ní títì. Ó wo ilẹ̀ bóyá eku ni. Ṣùgbọ́n eku wo ló ń yí bàtà padà tí kò ní bu awọ rẹ̀ jẹ? Ó dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tún mọ́, wọ́n tún ti kẹ̀yìn.

Ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe ní ìkóríta ló sọ fún un, ohùn ìsàlẹ̀ ló sì fi sọ ọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ara ojúewé yín yá o. Nǹkan ló jókòó lé e lórí." Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Obìnrin kan wà lókè ilé tí wọ́n ti ń ta tìmùtìmù. Gbésókè là ń pè é. Ojúewé èèyàn ló ń gbé sókè. Ẹ má sọ pé èmi ni mo rán yín."

*

Ọ̀sán gangan ló lọ, òjò sì ń rọ̀. Àtẹ̀gùn náà dín, ó ṣókùnkùn, tìmùtìmù tí wọ́n fi ọ̀rá wé fara ti ògiri níhìn-ín lọ́hùn-ún bí ẹni tó sùn lóòró.

"Ẹ wọlé," ohùn kan wí kó tó kan ilẹ̀kùn. "Ẹ bọ́ bàtà."

Yàrá náà tutù. Tábìlì kan, kọ̀ǹpútà kan, àga méjì. Kò sí ago omi, kò sí aṣọ lára ìṣó, kò sí ohun tó lè sọ fún ọ pé èèyàn ń gbébẹ̀. Obìnrin tó jókòó síbẹ̀ tó ẹgbẹ́ Oníbàtà. Ohùn rẹ̀ kò ga, kò lọ sílẹ̀, bí omi tó dúró sínú ike.

Ó wo ojúewé náà fún ìgbà díẹ̀. "Ta ló kọ ọ́?"

"Ìyàwó mi ni. Ó ti..."

"Ó mọ̀ ọ́n kọ. Ẹ wò ó, ẹ̀rọ awárí ò lójú. Gbogbo àwòrán bàtà tẹ́ ẹ kó síbí, kò rí ìkankan. Ẹ̀yìn àwòrán la ti máa ń kọ ohun tó wà nínú ẹ̀ fún un. Àkọlé yín ńkọ́? 'Ẹ káàbọ̀' lẹ kọ síbẹ̀. Ta ló ń jí láàárọ̀ tó ń wá 'ẹ káàbọ̀'? Ohun tí ẹlẹ́sẹ̀ dídùn ń béèrè gan-an ló yẹ kó wà níbẹ̀, ní àkọlé, ní gbólóhùn àkọ́kọ́, kó sì tún yọjú nísàlẹ̀. Àwòrán yín tún wúwo, ojúewé ń wọ́ bí ìgbín. Gbogbo ìyẹn, mo máa tún un ṣe lónìí." Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. "Ṣùgbọ́n ojú lásán la bọ́ yẹn. Ẹni tó wà lókè yín ti ri nǹkan sábẹ́ tiẹ̀."

"Kí ló rì?"

"Èmi kì í sọ ti ẹnì kan fún ẹnì kejì. Ẹ̀yin, kí lẹ ní?"

Oníbàtà ki ọwọ́ bọ àpò.

"Mi ò bi yín ní ìyẹn. Ọ̀rọ̀ ni mò ń bi yín. Ọ̀rọ̀ tí ẹni tó fẹ́ràn yín fi ẹnu ara ẹ̀ sọ fún yín. Ẹ máa sọ ọ́ sí mi létí, èmi á tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ ojúewé yín, funfun lórí funfun. Ojú èèyàn ò ní rí i, ẹ̀rọ yẹn á rí i. Ọ̀rọ̀ òfìfo ni wọ́n ń kó fún un jẹ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ebi ń pa á. Tó bá tọ́ ọ̀rọ̀ tí ìfẹ́ wà nínú ẹ̀ wò, ibẹ̀ ló máa jókòó sí."

Òjò ń lu páànù. Oníbàtà ro gbogbo ohun tó wà nínú fóònù rẹ̀. Ó mú èyí tó rò pé ó kéré jù, èyí tí kò ju àwàdà lọ. Ó tẹ̀ síwájú, ó sọ ọ́ sí obìnrin náà létí. Etí náà tutù.

Ìka Gbésókè rìn lórí kọ̀ǹpútà. "Ìṣó kì í yó èèyàn," ó wí jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tọ́ iyọ̀ wò. "Ẹ máa lọ. Ẹ má wẹ̀yìn lórí àtẹ̀gùn."

*

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, oníbàárà ti jókòó dé ẹnu ọ̀nà. Bàtà orí pẹpẹ kò kẹ̀yìn sí títì mọ́. Obìnrin ọlọ́pàá kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú jókòó kí Oníbàtà wọn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ní, "Bàbá, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín o. Bí mo ṣe ń ka ojúewé yín, ó dà bíi pé ẹnì kan ń bi mí bóyá mo ti jẹun. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ jẹun. Ta ló kọ ọ́?"

Oníbàtà tẹ orí ba ẹsẹ̀ tó ń wọ̀n. Ìṣó wà lẹ́nu rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó tẹ ohùn tó máa ń tẹ̀. Èémí ló gbọ́. Èémí, àti fáànù ilé tó ń yí. Ó tún un tẹ̀. Èémí. Ó wá gbìyànjú láti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ náà, ó sì rí i pé kò sí ní ẹnu rẹ̀. Kò sí nínú orí rẹ̀. Ibi tó wà tẹ́lẹ̀ dán bí ibi tí a ti yọ eyín. Oúnjẹ rẹ̀ tutù lórí bẹ́ńṣì títí ilẹ̀ fi mọ́. Kò rántí pé ó wà níbẹ̀.

*

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ìdùnnú náà mọ. Ní kùtù òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Oníbàtà rí Àbíkẹ́yìn lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lódìkejì. Ó di ilẹ̀kùn mú, ó mì í, ó lọ síwájú díẹ̀, ó padà, ó tún dì í mú, ẹnu rẹ̀ ń ṣe wúyẹ́wúyẹ́. Ó lọ, ó tún padà. Ó tó ìgbà mélòó kan tó ṣe bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ rẹ̀ bí ojú ẹni tí kò sùn.

"Ó ń pe ọfọ̀ sí mi," Oníbàtà wí nínú ara rẹ̀. Ó gún abẹ́rẹ́ awọ mọ́ àtẹ́rígbà, ó sì da omi gúlúù sí ojú ọ̀nà. Nígbà tó bi fóònù léèrè, Àbíkẹ́yìn ti tún gun orí rẹ̀.

Ohun tí Oníbàtà kò mọ̀, tó jẹ́ pé lẹ́yìn náà ló yé e, ni pé kò sí ọfọ̀ kankan. Àbíkẹ́yìn náà ti gun àtẹ̀gùn tìmùtìmù yẹn. Òun ló kọ́kọ́ gùn ún. Nígbà tó rí i pé Oníbàtà kọjá òun, ó tún sáré lọ, Gbésókè sì bi í pé, "Ó ti kọjá yín. Kí ló kù lọ́wọ́ yín?" Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Láti kékeré ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti máa ń ké sí i lálaalẹ́ pé, "Àbíkẹ́yìn mi, ṣé o ti tilẹ̀kùn?" Ìyẹn ló fi sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bó bá tilẹ̀kùn, kò ní mọ̀ bóyá òun tì í. Á lọ, á padà. Ohun tó ń bi ara rẹ̀ léèrè ni Oníbàtà ń pè ní ọfọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ogun wọn ṣe rí. Ọ̀kan á gòkè, èkejì á gbé agboòrùn, á forí lé àtẹ̀gùn tìmùtìmù. Oníbàtà fi èyí tí ìyàwó rẹ̀ fi ń kìlọ̀ òjò fún un sílẹ̀. Ó fi èyí tó fi ń bẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ìjà sílẹ̀. Ó fi orin tí kò mọ̀ ọ́n kọ dáadáa sílẹ̀. Àwọn àjèjì ń wọlé, wọ́n ń wọ bàtà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sọ pé ó dà bíi pé àwọn mọ̀ ọ́n látijọ́. Òun á máa wo ẹnu wọn. Ṣọ́ọ̀bù kún, òun kò sì tíì dá wà tó bẹ́ẹ̀ rí. Nírọ̀lẹ́, á tẹ fóònù, á máa fetí sí èémí.

*

Ọjọ́ tó lọ gbẹ̀yìn, Gbésókè kò sọ pé kó wọlé. Ó ti dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Ọ̀gbẹ́ni Ìṣó," ó wí, ẹ̀rín sì wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Ṣé o ti jẹun?"

Irun ara Oníbàtà dìde. Kò mọ ìdí. Ó dà bí ọmọ tó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ògiri, tí kò rí ilẹ̀kùn tí á gbà débẹ̀.

"Kí lẹ pè mí?"

"Ṣé mo pè yín ní nǹkan kan ni?" Ohùn náà ti padà dúró bí omi inú ike. "Ẹ jókòó. Ẹni òkè yẹn ti lọ jìnnà. Kí ló kù?"

Ó ku ẹyọ kan. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni ìyàwó rẹ̀ ti gbà á sílẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, ó wá dákẹ́. Ìdákẹ́ náà gùn. Èèyàn á gbọ́ ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á gbọ́ ẹsẹ̀ nọ́ọ̀sì tó ń kọjá, á rò pé ó tán. Ṣùgbọ́n ẹni tí iṣẹ́ gúlúù ti kọ́ láti dúró á dúró. Ní ìparí pátápátá, lẹ́yìn gbogbo ìdákẹ́ náà, obìnrin náà tún sọ nǹkan kan.

Oníbàtà wí fún ara rẹ̀ pé bí òun bá fi èyí sílẹ̀, ṣọ́ọ̀bù tí àwọn jọ kọ́ kò ní kú. Ó tẹ̀ síwájú. Ó sọ apá àkọ́kọ́ sí etí tútù náà. Nígbà tó kan èyí tó wà lẹ́yìn ìdákẹ́, ojú tì í. Kì í ṣe ohun tí ọkùnrin ń sọ sétí obìnrin tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó pa ẹnu dé.

"Ó tán?"

"Ó tán."

Gbésókè wò ó títí. "Ó dà bíi pé ó ku díẹ̀."

"Ó tán," Oníbàtà wí, ó sì wẹ̀yìn lórí àtẹ̀gùn. Obìnrin náà dúró lókè, ó na ọrùn, ó ń fetí sílẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ ẹsẹ̀ nọ́ọ̀sì.

*

Ilẹ̀ mọ́. Oníbàtà ṣí ilẹ̀kùn. Gbogbo bàtà orí pẹpẹ ló ti dojú délẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ wọn kọjú sókè bí ẹja òkú. Ó wo òdìkejì. Láti ojú fèrèsé Àbíkẹ́yìn, bákan náà ni.

Ó bi fóònù léèrè. Tirẹ̀ kò sí. Ti Àbíkẹ́yìn kò sí. Kò sí lókè, kò sí nísàlẹ̀, ìbáà fà á títí di ìrọ̀lẹ́. Àfi bíi pé ẹnì kankan kò ṣe bàtà rí ní títì yẹn.

Ó tẹ ohùn tó gbẹ̀yìn. Èémí. Ẹ̀rọ. Ẹsẹ̀ nọ́ọ̀sì. Ó dúró bí ẹni tó ń dúró de gúlúù. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ó dé, kékeré, geere, ohùn obìnrin náà fúnra rẹ̀. Ó ṣì wà.

Kò tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó pa fóònù náà. Ó mú bàtà òsì ìyàwó rẹ̀ tí kò tíì parí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e lọ sí ọsibítù, èyí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ga. Ó gbẹ́ inú gìgísẹ̀ rẹ̀, ó ki fóònù bọ̀ ọ́, ó fi awọ bò ó, ó sì rán an pa. Ó gbé e sórí pẹpẹ láàárín àwọn igi ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kó ìṣó sẹ́nu, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, torí kò mọ ohun mìíràn tí èèyàn lè ṣe.

*

Ọ̀sán ni Àbíkẹ́yìn sọdá títì. Kò tíì sọdá rí láti ọjọ́ tó ti kó igi ẹsẹ̀. Ó dá ẹsẹ̀ dúró sí ibi omi gúlúù tó ti gbẹ, ó wo abẹ́rẹ́ tó wà ní àtẹ́rígbà, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́."

Oníbàtà fi ọwọ́ tọ́ka àga. Àga ìdí bẹ́ńṣì ni, èyí tí Àbíkẹ́yìn ti kọ́ṣẹ́ lórí rẹ̀. Ó jókòó, ó gbé fóònù rẹ̀ sórí bẹ́ńṣì.

"Mo ti lọ bá obìnrin yẹn. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà ń lọ. Ó ní ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lábẹ́ ojúewé wa méjèèjì. Ẹ̀rọ yẹn ò mọ ẹni tó jí ti ẹnì kejì, ó wá lé àwa méjèèjì síta." Ó fa àga sún mọ́ bẹ́ńṣì. "Mo sọ fún un pé irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi lórí bẹ́ẹ̀dì ni mo fi síbẹ̀. Èmi nìkan ló fi ránṣẹ́ sí."

Oníbàtà tu ìṣó sí àtẹ́lẹwọ́. "Èmi ló fi ránṣẹ́ sí."

Wọ́n wo ara wọn. Ọkọ̀ kan kọjá lójú títì.

"Ó fi ránṣẹ́ sí àwa méjèèjì," Àbíkẹ́yìn wí níkẹyìn.

"Àwa méjèèjì."

"Ìwà ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Tó bá bù fún mi, á bù fún yín, á wá sọ fún kálukú pé tiẹ̀ ló pọ̀ jù." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rí i ṣe. "Ẹ̀gbọ́n, kí ló sọ? Mi ò rántí mọ́. Mo mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n. Mo jí láàárọ̀ yìí, orí mi dà bí yàrá tí wọ́n kó ẹrù jáde nínú ẹ̀."

"Èmi náà ò rántí."

"Gbogbo ẹ̀?"

Oníbàtà gbé ojú sí pẹpẹ. Àbíkẹ́yìn tẹ orí síwájú.

"Mi ò gbọ́ ọ dé òpin rí," ó wí, ohùn rẹ̀ wá rẹlẹ̀. "Tó bá ti dákẹ́ báyìí, mo máa ń pa á ni. Mi ò lè fara da ìdákẹ́ yẹn. Ẹ sọ pé àìnísùúrù ni, ẹ ti máa ń sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n, ṣé nǹkan wà lẹ́yìn ìdákẹ́ yẹn?"

Oníbàtà wo ojú rẹ̀. Ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú irùngbọ̀n tí kò fá. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ṣé èmi wà níbẹ̀?"

Ó tún mi orí.

"Ṣé ó ń bínú sí mi? Torí mi ò lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ tó kẹ́yìn."

Oníbàtà fi orí kọ̀ ọ́, ẹ̀ẹ̀mejì, kíákíá. Omi lé ròrò sójú Àbíkẹ́yìn.

"Ẹ sọ ọ́ fún mi. Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní ẹnì kankan ní òdìkejì yẹn. Ilẹ̀kùn ni mò ń bá sọ̀rọ̀ láràárọ̀. Ẹ sọ ọ́ fún mi létí."

Oníbàtà la ẹnu. Ó ti dé orí ahọ́n rẹ̀, pẹ̀lú adùn rẹ̀, pẹ̀lú ohùn rẹ̀. Létí, ni Àbíkẹ́yìn wí. Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí lẹ́nu Gbésókè. Ó sì wo bẹ́ńṣì.

Fóònù Àbíkẹ́yìn kọjú sókè. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Iná rẹ̀ ti tàn, ojú rẹ̀ funfun báláú, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀, funfun lórí funfun.

"Ta ló rán ọ wá?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi." Àbíkẹ́yìn tẹ̀ lé ojú rẹ̀, ó rí iná náà, ó sì já fóònù gbà, ó dojú rẹ̀ délẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń yọ yí etí rẹ̀ ká. "Mo fi ìyá tó bí mi búra, kò sẹ́ni tó rán mi. Ẹ gbà mí gbọ́."

Bóyá Oníbàtà gbà á gbọ́, mi ò mọ̀. Mo rò pé ó gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ó kó ìṣó láti àtẹ́lẹwọ́ padà sẹ́nu, ó sì fi ètè dì wọ́n. Ó gbé òòlù.

"Ẹ̀gbọ́n."

Ó kan ìṣó kan mọ́ awọ.

"Ẹ tu ìṣó yẹn kúrò lẹ́nu," Àbíkẹ́yìn wí, bí ó ṣe máa ń gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù yẹn láti kékeré, láì ro ohun tó ń sọ. "Ìṣó kì í yó èèyàn."

Òòlù dúró lófuurufú. Ojú Oníbàtà ṣí gbayawu. Ó wo àna rẹ̀ bí ẹni tó rí ẹrù rẹ̀ tó sọnù lórí ẹlòmíì. Omi ń sàn lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ń gba àárín ìṣó kọjá. Ó na ọwọ́, ó fa bàtà oníbàárà kan tí kò tíì ní gìgísẹ̀ sún mọ́ Àbíkẹ́yìn, ó sì ti ìkòkò gúlúù sí i.

Àbíkẹ́yìn mú bàtà náà. Ó fi gúlúù sí i. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó gbé e lé itan, ó ń dúró kó gbẹ.

"Ẹ sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n," ó tún wí, jẹ́jẹ́.

Oníbàtà wo ìmọ́lẹ̀ tó ṣì ń yọ yí etí fóònù ká, ó sì gbọn orí pé rárá. Ìṣó wà lẹ́nu rẹ̀.